Ìlàjì Àpò Yanrìn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé iléeṣẹ́ panápaná, ọkùnrin mẹ́rìnlá ló fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń tọ́jú irinṣẹ́. Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má dá wọn lóhùn," ló wí, ó sì na bàtà iṣẹ́ sí mi. Ó bá mi lẹ́sẹ̀ mu wẹ́kú. Ọkàn mi fà sí i lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́.

Ọ̀gá wa kò fẹ́ rí obìnrin nídìí iná. "Òṣùwọ̀n ni òṣùwọ̀n," ni orin rẹ̀. "Ẹni tí kò bá lè gbé àpò yanrìn tó wúwo tó àgbàlagbà gun ilé alájà mẹ́ta, kó lọ máa gbálẹ̀." Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ikùn rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ wọlé! Ìgbà tó gbé àpò kẹ́yìn, wọn ò tíì bí mi.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi múra sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣubú ní àjà kejì lójú Pẹ̀lẹ́. "Ààyò mi, wàá ṣe é," ló máa ń wí. Lọ́jọ́ ìdánwò, mo gbé àpò mi dókè, ó fúyẹ́, mo sì rò pé agbára ló dé. Lọ́sẹ̀ náà ni Pẹ̀lẹ́ ní kí n fẹ́ òun. Mo ní mo gbà.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n kó àwọn àpò síta. Mo rí èyí tí nọ́ńbà mi wà lára rẹ̀. Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e.

Mo lọ bá Pẹ̀lẹ́. "Ìwọ lo bu yanrìn inú rẹ̀ kúrò?"

"Ìlàjì péré ni, ìfẹ́ mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣẹ̀sín ni."

Ẹ gbọ́ ìfẹ́! Mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, bí iṣẹ́ bá máa bọ́ kó bọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. "Mo ti mọ̀ pé obìnrin ò lè gbé e!"

"Ẹ tún mi dán wò, sà. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni òṣùwọ̀n. Gbogbo wa la jọ máa gbé e."

Kíá ni ọ̀gá rántí pé ẹ̀yìn ń dun òun. Nínú àwọn akọni mẹ́rìnlá, márùn-ún jókòó sí àjà kejì, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Orúnkún mi bó lórí àtẹ̀gùn, àmọ́ mo gbé e dé òkè.

Lọ́jọ́ kejì tí mo sọ fún Pẹ̀lẹ́ pé kò sí ìgbéyàwó mọ́, ìyá rẹ̀ mú un wá sílé wa. "Ìyàwó mi, ìfẹ́ ló mú ọmọ mi ṣe é. Ọkùnrin mélòó ló ń ro tìyàwó báyìí?" Bàbá mi náà ń mi orí, ó ní òótọ́ ni.

"Mà, bí iná bá mú ilé yín, ṣé ìlàjì yín ni kí n gbé jáde?"

Omijé bọ́ lójú Pẹ̀lẹ́. "Ṣé o ò fẹ́ràn mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín, ojú mi ni wọ́n ti ṣe é. Ìwọ, ẹ̀yìn mi lo gbà."

Mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ pé ó dàbọ̀. Pẹ̀lẹ́ ni mi ò kí, torí bí mo bá la ẹnu, màá ní kó má lọ.