Ègé Ọ̀já Ìpọnmọ

Nígbà tí Fọlábí kọ́kọ́ rí Hassanat, orí rẹ̀ ò sí níta. Ó ti kì í bọ inú àpò ńlá kan tí wọ́n gbé sẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ aránṣọ ní Ìkẹjà, ẹ̀yìn híjáàbù rẹ̀ nìkan ló hàn. Ó yọrí jáde pẹ̀lú ègé aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run kan, ó fi í kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì dijú.

Fọlábí ló ń gé aṣọ yúnífọ́ọ̀mù níbẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kó síta.

"Àǹtí, ṣé aṣọ yẹn ń bá yín sọ̀rọ̀ ni?"

"Ó ní ẹni tó gé òun ń kánjú."

"Èmi ni mo gé e."

"Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Hassanat wí, kò sì bẹ̀bẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín pa Fọlábí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ṣa ègé tó dára jù sọ́tọ̀ dè é. Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó ń to àkísà ní àwọ̀-àwọ̀ láàárín iṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè ohun tó ń ṣe é.

Ìbora ni wọ́n ń fi ègé wọ̀nyẹn rán nílé Hassanat ní Agége. Ìyá Àgbà Ràbíátù, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lòun náà ti kọ́ ọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an, wọn kì í lo ẹ̀rọ. Ègé èyíkéyìí ló lè wọ inú èyí tí wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n tí ọmọ wọn bá ń lọ sílé ọkọ, aṣọ tí ẹbí méjèèjì ti wọ̀ gbó ni wọ́n fi ń rán tirẹ̀, ègé àárín gbùngbùn sì gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ìyá ọkọ wá. Bí ìyá ọkọ ò bá yọ̀ǹda rẹ̀, ìbora ò parí, ìyàwó ò sì kúrò nílé.

Fọlábí di ará ilé níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní abẹ́rẹ́, ó sì fi gún ara rẹ̀ níka.

"Adúmáradán mi, wo ẹ̀jẹ̀ tí mò ń ta sílẹ̀ nítorí rẹ!"

"Má jẹ́ kó kan aṣọ funfun yẹn ṣá."

Nígbà tó wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Hassanat ò fi falẹ̀ rárá. "Èmi náà fẹ́ ọ. Lọ gba ègé wá lọ́wọ́ mọ́mì ẹ."

Ìyá Fọlábí, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun ní Ọ̀pẹ̀bí. Kò sí ohun tó ní sí Hassanat. Pé mùsùlùmí ni kò sì dí i lọ́wọ́, torí ìdajì ẹbí rẹ̀ ló ń kírun. Ọ̀rọ̀ ègé aṣọ ló dìjà.

"Kí n gé aṣọ ara mi fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí? Ta ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe? Mú bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì tuntun lọ fún wọn, èyí tó bá wù wọ́n."

"Mọ́mì, wọn kì í gba tuntun."

"Kí ni wọ́n wá ń fi ògbólógbòó ṣe? Mi ò fún wọn."

Ọ̀rọ̀ náà ká Fọlábí lára, ó sì hùwà òmùgọ̀. Ó ṣí àpótí ìyá rẹ̀, ó mú ọ̀já tí ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n, ó gé etí rẹ̀. Ó mú un lọ sí Agége, ó ní mọ́mì ló fún òun. Ìyá Àgbà ṣe àdúrà sí i, ó sì rán an sáàárín ìbora.

Ọjọ́ tí ìyá Fọlábí ń sá ẹrù àpótí sóòrùn ni àṣírí tú. Ojú gígé náà gún régé, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè gé aṣọ bẹ́ẹ̀ nílé wọn.

"Ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́, Fọlábí! O fi àlùmọ́gàjí gé e bíi yúnífọ́ọ̀mù! Mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọbìnrin yẹn mọ́."

Fọlábí lọ jẹ́wọ́ fún Hassanat. Hassanat sunkún. "O mú irọ́ sáàárín ìbora mi. Mo sì fẹ́ràn ẹ, ìyẹn ló ń dùn mí jù."

Ìyá Àgbà gbé ìbora náà lé itan. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tú òwú náà díẹ̀díẹ̀ títí ègé náà fi jáde.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti Hassanat gba Ọ̀pẹ̀bí lọ. Fọlábí ti wà níbẹ̀, ó ń bẹ ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà tẹ́ ìbora náà sórí àwọn aṣọ tuntun, ihò sì wà láàárín rẹ̀ gbangba. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na ègé ọ̀já náà sí ìyá Fọlábí.

"Ìyá Fọlábí, ohun yín rèé. A ò mọ̀ pé jíjí ni wọ́n jí i. A kì í fi ohun olóhun rán ìbora."

"Ẹ jókòó, Màmá," ni ìyá Fọlábí wí. Ìtìjú ti ń mú un. "Ẹ̀rù ló bà mí. Ayé le."

"Ó le lóòótọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà." Ìyá Àgbà tọwọ́ bọ àpò, ó mú àlùmọ́gàjí jáde, ó gé etí ìró tó ró sídìí, ó sì fi í sí ìyá Fọlábí lọ́wọ́. "Tèmi rèé lọ́dọ̀ yín. Mi ò ní kẹ́ ẹ fún wa ní nǹkan kan o. Mo kàn fẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín ni."

"Màmá! Ẹ gé ìró ìdí yín?"

"Mo gé e."

Ìyá Fọlábí wo ègé náà títí. Ìró náà ti gbó, ó sì ti rọ̀ mọ́ ọwọ́. Ó ká a, ó kì í bọ àyà rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Hassanat, ọmọ mi, fún mi lábẹ́rẹ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló rán ègé ọ̀já náà padà. Fọlábí ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Dìde, olè," ni ìyá rẹ̀ wí, kò sì gbójú sókè.

Hassanat tọ̀ ọ́ lọ. "Ṣé o ò ní parọ́ fún mi mọ́?"

"Bí mo bá parọ́, kí àlùmọ́gàjí gé mi lọ́wọ́."

"Kó má gé e o. Mo nílò ọwọ́ yẹn."

Lọ́jọ́ ìdána, Ìyá Àgbà gbé ìbora náà lé Hassanat lọ́wọ́. Fọlábí na ìka sí àárín rẹ̀, níbi tí òwú ti wọ́, tí ojú rírán ibẹ̀ sì tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.

"Ìfẹ́ mi, ṣé kí n bá ọ tú ibí yìí, ká tún un rán dáadáa?"

Hassanat gbá a lọ́wọ́. "Fi í sílẹ̀. Ìyá wa ló rán an."