Awakọ̀ Ọdún Márùn-ún

Ẹni tó bá ní irọ́ kékeré kò ṣe nǹkan kan, kó lọ bi Báyọ̀dé ará Ìkòtún. Ó lè jẹ́ ìwọ gan-an tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ ni mò ń bá wí. Má bínú, ṣùgbọ́n kà á dópin.

Ní ọdún 1988 ni Báyọ̀dé àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Simeon, jọ parí ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ní Akówonjo. Láísẹ́ǹsì tuntun wà lápò wọn, inú wọn sì ń dùn. Ilé iṣẹ́ akẹ́rù méjì ló ń wá awakọ̀ lákòókò náà. Èyí tó wà ní Ẹgbẹ́dá kéré, wọ́n sì ní awakọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ jókòó ti àgbà awakọ̀ fún ọdún kan gbáko kó tó dá ọkọ̀ wà. Èyí tó wà ní Ìkòtún tóbi, ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló ní, ọjọ́ tí wọ́n bá sì gbà ọ́ ni wọ́n máa fún ọ ní kọ́kọ́rọ́. Àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ìwé ẹ̀rí pé o ti wakọ̀ fún ọdún márùn-ún.

Simeon gba Ẹgbẹ́dá lọ. Báyọ̀dé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọdún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá arúgbó? Ṣé ìyàwó rẹ̀ ni ẹ́ ni? Kí o tó gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan, èmi á ti dé Kánò, jàre!"

Òun gba Dópẹ̀mú lọ, ó wá ẹni tó ń tẹ ayédèrú ìwé ẹ̀rí, ó sì ra ọdún márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀gá Akínbọ́lá, tó ni ilé iṣẹ́ ti Ìkòtún, ka ìwé náà, ó wo ojú Báyọ̀dé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ti ìwé náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. "Awakọ̀ ọdún márùn-ún! Káàbọ̀ o." Báyọ̀dé rò pé ọ̀gá ò mọ̀. Ọ̀gá mọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń wá.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí búréèkì ọkọ̀ tó fi ń kó sìmẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Báyọ̀dé lọ fi tó ọ̀gá létí.

"Búréèkì kẹ̀?" ni Ọ̀gá Akínbọ́lá wí. "Awakọ̀ ọdún márùn-ún ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi jíà dá ọkọ̀ dúró? Àbí irọ́ ni ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ń pa? Ṣé ká gbé e fún àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò ni?"

Báyọ̀dé gba kọ́kọ́rọ́, ó jáde. Bí táyà bá fá, wọ́n á ní awakọ̀ ọdún márùn-ún ni. Bí ẹrù bá ju agbára ọkọ̀ lọ, wọ́n á tún ní awakọ̀ ọdún márùn-ún ni. Nígbà tó sì ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá kàn fi ìka kan dúrọ́ọ̀ yẹn ni. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Bó bá ti gun ọkọ̀ láàárọ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta. Ó ń bẹ̀rù ọkọ̀, ó ń bẹ̀rù ọ̀gá, ó sì ń bẹ̀rù òtítọ́ ju méjèèjì lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ń kó sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti ọ̀nà Ṣàngó. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibùdókọ̀ Pleasure, ó tẹ búréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀. Ó fa jíà, jíà kọ̀. Èrò kún iwájú.

Mo fẹ́ kí o mọ ohun tó ṣe. Kò ṣe nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀, ó sì di ojú. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló yà kúrò lọ́nà, tó já wọ ọgbà tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, tó fọ́ díẹ̀ nínú wọn, tó rọ́ lu òkìtì yanrìn, tó sì dúró.

Nígbà tó lajú, èrò ti pé lé e lórí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Awakọ̀ gidi nìyí o! Ó mọ ọkọ̀ wà!" Báyọ̀dé fẹ́ jáde, ilẹ̀kùn ti há mọ́ yanrìn. Ojú fèrèsé ló ti rí Àlàájà Sìdíkátù, tó ni ọgbà náà. Ìyá náà ò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Abẹ́ táyà ló ń wò, níbi tí àpótí ìjókòó kan ti fọ́ wúruwùru.

"Ibi tí mo jókòó sí nìyẹn," ló wí jẹ́jẹ́. "Omi ni mo ní kí n lọ mu."

Nígbà tí Ọ̀gá Akínbọ́lá gbọ́, inú rẹ̀ dùn. "Ṣé o rí i? Mo ní awakọ̀ ọdún márùn-ún! Lọ́jọ́ Ẹtì, wàá tún gbé e jáde."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Báyọ̀dé wá Simeon lọ sí Ẹgbẹ́dá. Ó sọ gbogbo rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Simeon ò fi í ṣẹ̀sín.

"Báyọ̀dé, Jésù ti mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn látìgbà tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, Ó kú fún ọ. Jẹ́wọ́ fún Un, kí o sì lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ."

"Wọ́n á tì mí mọ́lé!"

"Ṣé ìta lo wà báyìí ni?"

Báyọ̀dé kúnlẹ̀ sórí ẹní Simeon. Àdúrà rẹ̀ ò gùn, kò sì dùn létí: "Jésù Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá ọlọ́mọ. Dárí jì mí. Gbà mí." Ẹ̀rù ṣì ń bà á nígbà tó dìde, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n kò dá wà pẹ̀lú ẹ̀rù náà mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, irọ́ ni ìwé mi. Mi ò wa ọkọ̀ akẹ́rù rí kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín."

"O mọ ibi tí ìwé yìí lè gbé ọ dé?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ mú un dání, ká jọ máa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Màá sọ tèmi níbẹ̀. Màá sì sọ ti búréèkì."

Ọ̀gá Akínbọ́lá ti ìwé náà padà sínú dúrọ́ọ̀. "Jáde níbí," ló sọ.

Báyọ̀dé jáde. Ó sọ ti búréèkì fún àwọn awakọ̀ yòókù, kò sì sẹ́ni tó gba ọkọ̀ náà títí ọ̀gá fi tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ó lọ bá Àlàájà Sìdíkátù. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ń yìn mí, ṣùgbọ́n ṣe ni mo di ojú."

"Ọlọ́run ló dá ẹ̀mí mi sí, kì í ṣe ìwọ," ni ìyá náà dáhùn. "Búlọ́ọ̀kù mi tí o fọ́ ńkọ́? Mú ṣọ́bìrì." Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Báyọ̀dé fi po yanrìn níbẹ̀, kò níṣẹ́ mìíràn, oúnjẹ sì padà ń lọ lọ́fun rẹ̀.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Bóyá o ò wakọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o fi pamọ́, Sàtánì mọ̀ ọ́n, òun ló sì fi ń darí rẹ bó ti wù ú. Kò sí ohun mìíràn tó fi mú ọ ju ohun tí o kọ̀ láti jẹ́wọ́ lọ. Jésù ti ta ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Má sọ pé ó dọ̀la, nítorí kò sẹ́ni tó bá ọ dá májẹ̀mú ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí. Bí ojú bá ń tì ọ́, sọ fún Un pé ojú ń tì ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.