Ìkòkò Ìdí Igi Ọsàn

Nígbà tí Mùtíù mẹkáníìkì jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀ Kọ́ládé, irun orí rẹ̀ tutù. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta lásìkò náà, ètè gbogbo èèyàn ń là, eruku sì ti bo òrùlé Ṣàpọ́n pátá. Òjò kò rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbé omi wọ inú ọkọ̀. Mùtíù fọwọ́ nu ọrùn, ó gbóòórùn ìka rẹ̀, ó tún yọjú wo àga ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò.

"Ọ̀gá, ta ló da omi sí mi lára?"

Kọ́ládé rẹ́rìn-ín, ó ní òógùn ni. Inú rẹ̀ dùn jù lọ́jọ́ náà, kò ráyè wádìí omi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọkọ̀ yìí ná. Ọkọ̀ eré sísá ni, pupa fòò, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, táyà ẹ̀yìn ló sì ń tì í lọ. Ẹni tó bá fẹ́ arẹwà, ìyọnu ló fẹ́, Kọ́ládé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó rà á. Ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, Abẹ́òkúta ló ń gbé, ojoojúmọ́ ló ń na ọkọ̀ náà lọ, tó ń nà án bọ̀. Kò pẹ́ tí ìdí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Bó bá ti tẹná báyìí, á gbọ́ gbìì lábẹ́ àga ẹ̀yìn, bí ìgbà tí èèyàn bá ju ọmọ odó sílẹ̀.

Mùtíù wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ó jáde, ó mi orí. Ó ní dífùrẹ́ńṣà, irin ńlá tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kò jókòó dáadáa mọ́. Rọ́bà tí irin náà jókòó lé, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní síìtì, ti já. Rọ́bà tuntun wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi irú ọkọ̀ yìí sáré ìdíje kì í lo rọ́bà rárá, irin gidi ni wọ́n fi ń ṣe síìtì tiwọn, irin kì í sì í já bọ̀rọ̀.

"Irin ni kí ẹ ṣe," Kọ́ládé dáhùn. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

"Mo gbọ́, ọ̀gá. Àmọ́ rọ́bà yẹn ló ń gba ariwo mọ́ra. Tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, kò sí ohun tó wà láàárín ẹ̀yin àti irin náà mọ́. Gbogbo ohun tó bá ń sọ nísàlẹ̀ lẹ máa gbọ́ lókè."

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ẹni tó máa bá wọn rọ síìtì náà ní kí wọ́n wá ògbólógbòó alumíníọ̀mù, irú èyí tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò nígbà àtijọ́, torí ti ìsinsìnyí kò níláárí. Bí Kọ́ládé ṣe gbọ́ ìkòkò ni ọkàn rẹ̀ lọ sí ilé wọn ní Ìjẹmọ̀.

Ìyá rẹ̀, Màmá Beatrice, ti kú lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, akọrin sì ni, ṣùgbọ́n ohun tí agboolé fi mọ̀ ọ́n ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ ni omi. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní agboolé náà tí kì í ṣe ọwọ́ Màmá ló kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọdún tí Kọ́ládé àti Yéwándé ìyàwó rẹ̀ fi ń wá ọmọ, Màmá kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Omi tiyín ń bọ̀ lórí iná." Ó kú tán ni Yéwándé lóyún. Èyí dun Kọ́ládé dọ́kàn, kò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún.

Ìrántí kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo ohun tó ní lọ. Ọmọdé ni í ṣe, ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wo Màmá lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi ọsàn. Màmá ń wẹ Hephzibah, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó ń fi igbá bu omi nínú ìkòkò kan tí etí rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ó rọra ń wẹ̀ ẹ́, ó ń kun orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e láyé. Hephzibah dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò náà kò pẹ́ láyé, nǹkan kan ṣoṣo tí Kọ́ládé sì rántí nípa rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó dé Ìjẹmọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Àǹtí Àfúsá, àbúrò Màmá tó ń gbé ilé náà báyìí, ti lọ ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ìkòkò kan wà lórí pẹpẹ nílé ìdáná. Ó wò ó, kì í ṣe òun. Ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó sì rí èyí tí etí rẹ̀ kan ti ṣẹ́, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ní ìdí igi ọsàn, ewé gbígbẹ ti bò ó. Ó gbọn eruku rẹ̀, ó gbé e sáyà. Ó rò pé bí Màmá kò bá lè wẹ ọmọ òun mọ́, ó kéré tán á máa bá wọn rìn. Ìfẹ́ ló fi gbé e. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà, àmọ́ ẹ má ṣe sọ pé ìkà ni.

Wọ́n yọ́ ìkòkò, wọ́n rọ síìtì, Mùtíù sì dè é. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde láti dán an wò, Mùtíù jókòó sẹ́yìn, lórí dífùrẹ́ńṣà gan-an, kó lè gbọ́ ohùn irin náà. Gbìì ti lọ. Ohùn mìíràn ló gba ipò rẹ̀. Ó ń kùn lábẹ́ àga, bí eré ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ ló ń lọ sókè, bó ṣe ń dínkù ló ń wálẹ̀, kò sì pẹ́ tí Kọ́ládé fi dá orin náà mọ̀. Orin Màmá ni. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ níbi tó ti ń wakọ̀. Ọjọ́ yẹn ni Mùtíù jáde pẹ̀lú irun tútù.

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí wọ́n fi sọ pé Mùtíù sùn, kò jí. Kọ́ládé lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀, ó káàánú gidigidi.

Máyọ̀wá ló tẹ̀ lé e. Ọmọ ọ́fíìsì wọn ni, Abẹ́òkúta ni òun náà ń gbé, ó sì máa ń bá Kọ́ládé wọkọ̀ nígbà tí tirẹ̀ bá bàjẹ́. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí kó lè rí oorun sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n dé Ìkẹjà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fún omi kúrò nídìí irun rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá, AC yín ń jò sí mi lórí o. Àmọ́ oorun tí mo sùn yẹn, mi ò sun irú ẹ̀ rí."

Òórùn ọṣẹ dúdú àti káńfọ̀ ń jáde lára rẹ̀. Kọ́ládé fọwọ́ kan àga ẹ̀yìn, ó gbẹ táútáú. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi lẹ àwòrán ìkéde òkú Máyọ̀wá mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ọkàn Kọ́ládé fẹ́ sọ nǹkan kan fún un, ó pa á lẹ́nu mọ́. Ta ni yóò gbọ́ orin ìyá rẹ̀ kó máa sá?

Yéwándé bímọ. Ọkùnrin ni, ó lára, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo wọ́ọ̀dù kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí dókítà ní kí wọ́n máa lọ, Kọ́ládé kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀, ìyá àti ọmọ, wọ́n sì forí lé Ìjẹmọ̀, níbi tí Àǹtí Àfúsá ti ń kaná omi ọmọ.

Orin náà bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó jáde ní géètì ọsibítù. Kò tíì pariwo tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ tó ń ké dákẹ́. Kọ́ládé wo dígí, ó rí Yéwándé tó ti sùn lọ, ó dá orí sẹ́yìn, ọrùn rẹ̀ nà tàntàn, bí ẹni tí wọ́n ń fọ irun fún. Òórùn káńfọ̀ kún inú ọkọ̀. Ẹ̀rù bà á nígbà yẹn, ẹ̀rù gidi, ó sì tẹná kí wọ́n lè tètè délé. Bó ṣe ń sáré tó ni orin náà ń lọ sókè tó.

Àǹtí Àfúsá ti dúró síwájú ilé, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí ọkọ̀ ṣe sún mọ́ ọn, ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Kọ́ládé pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ta ló ń kun orin yẹn?" Ohùn jẹ́jẹ́ ni Àǹtí fi béèrè.

"Màmá ni, Àǹtí. Ìkòkò wọn ni mo fi ṣe irin ìdí ọkọ̀. Èyí tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ."

"Ìkòkò tó fi ń wẹ ọmọ wà lórí iná nínú ilé, Kọ́ládé. Èwo lo gbé?"

"Ti ìdí ọsàn. Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, mo mọ̀ ọ́n. Ojú fèrèsé ni mo wà nígbà tí wọ́n fi wẹ Hephzibah."

Àǹtí Àfúsá di apá rẹ̀ mú.

"Hephzibah ti kú láti òru nígbà tó o rí wọn. Èmi ni mo ń bá Màmá rẹ po omi. Ariwo ló fi ń wẹ ọmọ tuntun, àwàdà àti àtẹ́wọ́, gbogbo agboolé ló máa ń gbọ́. Òkú nìkan ló ń kun orin fún. Òun ló ń wẹ gbogbo òkú ilé yìí, ìyẹn la ṣe ń dojú ìkòkò yẹn délẹ̀."

Mùtíù. Máyọ̀wá. Kọ́ládé yí padà, ó fa ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Yéwándé ti jí. Omi ń kán ní etí rẹ̀ sórí aṣọ, irun ọmọ náà lẹ̀ mọ́ orí, wọ́n ti ya irun náà sí méjì. Ọmọ náà ń mí, ó la ojú sílẹ̀, kò ké.

"Màmá wá," Yéwándé ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ wọn rọ̀. Wọ́n wẹ̀ mí, wọ́n wẹ ọmọ. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé omi ṣì kù."

Àǹtí Àfúsá pe orúkọ Kọ́ládé lẹ́yìn, kò pariwo. Kọ́ládé wò ó, ó tún wo àwọn tó wà nínú ọkọ̀, gbogbo ohun tó ní láyé. Ó ti àga iwájú síwájú, ó tẹ̀ ba, ó wọlé tọ̀ wọ́n, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti kú láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀, síbẹ̀ orin náà kò tíì dáwọ́ dúró. Ó gba ọmọ mọ́ra, ó gbé orí lé èjìká ìyàwó rẹ̀, ó sì dúró títí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà fi kan ọrùn rẹ̀.