Bíríkì Ìlà Kẹfà

"Sọ̀rọ̀, Rúlà! Ilé ta ni yìí?"

Kápútẹ̀nì fi ọ̀pá irin ọwọ́ rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn náà gbà-gbà. Nǹkan bí ogún ọ̀dọ́mọkùnrin ló dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú òkúta, igi àti òòlù. Ní ìsàlẹ̀ títì, ìsọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe ti ń jó, èéfín dúdú sì ń gòkè. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kò tíì lù.

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ni Rúlà, ọmọ bíríkìlà. Nílé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti fún un lórúkọ yẹn, nítorí pé ojú lásán ló fi ń mọ ògiri tó wọ́. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í ṣe. Òwúrọ̀ ọjọ́ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ nílò rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ọmọ bíríkìlà á mọ ẹni tó ni ilé kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó fa ìjà náà kò fara sin. Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ lé irinwó òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àhesọ sì gba ìlú pé àwọn àjèjì ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń pè ní àjèjì ti pẹ́ nílùú débi pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn àti ìmúra wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tí wọ́n kọ́kọ́ lù títí tó fi dákú láàárọ̀ yẹn, ọmọ bíbí ìlú ni.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń wolẹ̀ bí ìyàwó tuntun," ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn. "Àbí òun náà wà lára wọn?"

Gbogbo ojú yí sí Rúlà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ má wo ẹnu wọn," ó sọ kíákíá. "Ẹ wo ògiri wọn. Ẹ ka bíríkì láti ìsàlẹ̀. Ìlà márùn-ún á dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Tó bá di ìlà kẹfà, wọ́n á yí bíríkì náà, orí rẹ̀ nìkan lẹ ó máa rí. Ìyókù ti wọnú lọ, òun ló so ògiri iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn, bí eyín ṣe wọnú èrìgì. Àwọn àjèjì ló ń kọ́lé báyìí. Bàbá mi ló sọ fún mi."

Kápútẹ̀nì bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kà á. "Mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà! Ẹ ẹ̀ rí i? Ọmọ yìí gbọ́n ju tíṣà lọ!"

Ó gbá a léjìká bí ẹni gbá ọ̀rẹ́. Inú Rúlà dùn. Ìdùnnú náà kò pé ìṣẹ́jú kan.

Ilẹ̀kùn fọ́. Ilé aránṣọ ni, obìnrin tó rán yunifọ́ọ̀mù tó wà lọ́rùn Rúlà gan-an. Wọ́n ju ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti ojú wíńdò òkè, ó já lulẹ̀ gbì, àgbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì yí lọ láàárín títì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ́ ọkọ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bọ̀ láti òkè. Orí ọkùnrin náà ń lu àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Rúlà ń kà á láìmọ̀ pé òun ń kà á. Nígbà tó fi di mẹ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú ọkùnrin náà.

"Ó tó!" Rúlà ké. "Ẹ ní ẹ kàn fẹ́ lé wọn ni!"

Kápútẹ̀nì tì í sẹ́yìn. "Máa lọ sílé. A ò nílò rẹ mọ́. Àwa náà ti mọ̀ ọ́n kà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Rúlà sáré, ṣùgbọ́n ohùn wọn ń lé e bọ̀ láti ilé dé ilé: "Mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà!" Lẹ́yìn mẹ́fà, gíláàsì á fọ́, ẹnìkan á sì ké.

Nígbà tó dé ilé, ó bá aránṣọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ní yàrá ẹ̀yìn. Ọgbà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà fò wá, bàbá Rúlà sì fi wọ́n pamọ́. Aránṣọ gbójú sókè.

"Ìwọ lo kà á fún wọn. Mo gbọ́ ohùn rẹ."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Òkúta ló dáhùn, lórí páànù: gbàlà!

Bàbá mú ṣọ́bìrì, ó bọ́ síta, ó sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá Rúlà, ẹ yà kúrò lọ́nà," Kápútẹ̀nì wí. "Ilé yín kọ́ la bá wá. Ẹ kàn kó wọn jáde fún wa."

"Ṣé ẹran ni wọ́n, tí n ó fi kó wọn jáde?"

Ẹnìkan fi òòlù ńlá gbá igun ilé, bóyá láti dẹ́rù bà á. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri náà kí wọ́n tó bí Rúlà ya bí èèpo, ó wó lulẹ̀. Bíríkì pupa yọjú. Ìlà márùn-ún dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Ìlà kẹfà jẹ́ orí nìkan.

Kápútẹ̀nì rẹ́rìn-ín. "Rúlà, ṣé o ò ní wá ka eléyìí fún wa?"

Wọ́n bo bàbá. Ṣọ́bìrì bọ́. Ẹni mẹ́ta tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ òkúta ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ tó fi ń to bíríkì, òòlù sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Rúlà gbọ́ bí egungun ṣe rún. Bàbá kò ké; èémí rẹ̀ kàn já ni.

"Ó dáa!" Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá Rúlà, ti jáde, kò tilẹ̀ bo orí. "Ẹ pa á tán, kí ẹ wá pa ara yín! Ta ni ẹ rò pé ó kọ́ ìlú yìí? Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé bàbá ọkọ mi dé, kò sí ju ogójì ilé lọ níbí. Òun àtàwọn tó bá a wá ló kọ́ ọjà, àwọn ló kọ́ ilé ẹ̀kọ́ yín, àwọn ló kọ́ ilé baba Kápútẹ̀nì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn! Ẹni tó lówó rẹ́ tirẹ̀, tálákà fi tirẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi rẹ́ eléyìí, lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ lé àlejò, kí wọ́n má baà dá wa mọ̀. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́!"

"Irọ́ ni!" Kápútẹ̀nì ké.

Rúlà kò bá a jiyàn. Ó gbé òòlù tí ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó sọdá títì, ó sì lu igun ilé Kápútẹ̀nì ní gbogbo agbára rẹ̀. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta kí sìmẹ́ńtì tó ya.

"Ọ̀kan," ó kà. "Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Márùn-ún."

Kò ka mẹ́fà. Gbogbo wọn ti rí i.

"Ha, Kápútẹ̀nì," ẹnìkan wí wẹ́rẹ́, "ilé yín rèé o." Òkúta kan fò láti àárín wọn, ó bà á lẹ́nu, eyín méjì sì yọ. Òkúta kejì bà á léjìká. Ó yíjú síbí, ó yíjú sọ́hùn-ún. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e láàárọ̀ ti ń yí i ká.

"Rúlà," bàbá pè é láti ilẹ̀. "Ṣílẹ̀kùn. Jẹ́ kó wọlé."

Rúlà ṣí i. Kápútẹ̀nì fàyà fà wọlé, ó jókòó sí igun kan náà tí aránṣọ jókòó sí. Níta, àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í túká lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníkálukú ń ronú ohun tó wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì ilé tirẹ̀.

Ọlọ́pàá kó Kápútẹ̀nì àti mẹ́fà nínú wọn lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọkọ aránṣọ yè é, ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ kò ríran mọ́. Mẹ́ta nínú ìka bàbá kò ká mọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi, Bàbá?" Rúlà bi í.

"Mo rò pé ohun tí o ò bá mọ̀, ẹnu rẹ ò lè sọ ọ́. Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Ìwọ náà ní tìrẹ."

Láti ìgbà náà, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, ilé aránṣọ ni Rúlà ń lọ, láti tún ògiri tí iná tí wọ́n sọ sí i lọ́jọ́ náà bà jẹ́ mọ. Bàbá á jókòó sórí àpótí, á fi ọwọ́ òsì di okùn ìwọ̀n mú. Aránṣọ kì í bá Rúlà sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jẹ́ pé ìró ẹ̀rọ rẹ̀ tí wọ́n fi wáyà dì nìkan ni Rúlà ń gbọ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n parí ìlà karùn-ún, Rúlà gbé bíríkì lọ́wọ́, ó dúró. Ìró ẹ̀rọ dákẹ́.

"Kí lò ń dúró wò?" aránṣọ wí. "Ìlà kẹfà nìyẹn. Yí i."

Rúlà yí i, ó sì fi ìdí òòlù kan án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó.

"Tí mo bá parí, ṣé kí n rẹ́ ẹ, Àǹtí?"

"Fi í sílẹ̀. Kí wọ́n máa rí i."

Bí ìlú ṣe rí náà nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí. Bíríkì tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ nìkan kò lè gbé ògiri ró; èyí tó ti ìta wọnú ló so ó pọ̀. Ẹni tó bá sì fi ìmọ̀ rẹ̀ lé òǹrorò lọ́wọ́ nítorí kí wọ́n lè yìn ín, ilé baba rẹ̀ ni yóò kà kẹ́yìn.