Rodiat àti Pèpéle Ilé Ọláògún

Rodiat jí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé nílé Ìyá Àgbà, ní Ẹ̀pẹ́. Ọlidé ló wá lò níbẹ̀.

Ilé náà ti pẹ́ gan-an. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, etí ọ̀sà ló wà. Òdòdó tí wọ́n mọ sára ògiri rẹ̀ ti ń ṣí. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ń dún. Kẹ̀ẹ̀! Kẹ̀ẹ̀!

Pèpéle wà níwájú ilé náà. Ó gùn gbọọrọ, ó sì máa ń tutù. Ẹni tó bá ti èbúté bọ̀, ibẹ̀ ló ń jókòó sí.

Ìyá Ṣẹ̀rífátù, ẹlẹ́ja, ru apẹ̀rẹ̀ dé. Ó jókòó. Gbì!

"Hẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ó rẹ̀ mí o."

Bàbá Ọlọ́kọ̀ dé, ó gbé àjẹ̀ tó fi ń tu ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lé èjìká. Ó jókòó. Gbì!

"Hẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ó rẹ̀ mí o."

Lẹ́yìn náà ni Dádì Rodiat dé láti Ìkòròdú. Ojú ẹ̀ pọ́n. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, tó ń bọ̀. Kò jókòó rárá. Inú ilé ló gbà lọ tààrà.

"Màámi, ó ti rẹ ilé yìí," ni Dádì wí. "Òrùlé ń jò. Ògiri ń là. Ẹ jẹ́ ká wó o, ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀."

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ó ti rẹ èmi náà, ọmọ mi. Mi ò lágbára àríyànjiyàn mọ́."

Rodiat gbọ́. Kò fẹ́ kí wọ́n wó ilé náà o! Ó rò ó, ó tún un rò.

"Tó bá ti rẹ èèyàn, ṣe ló yẹ kó sinmi," ló sọ fún ara rẹ̀. "Báwo nilé wa ṣe máa sinmi, nígbà tí gbogbo ayé ń jókòó lé e?"

Ó sáré jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Ó ti rẹ ilé wa. Ó fẹ́ sinmi!"

Ìyá Ṣẹ̀rífátù wò ó tìyanu-tìyanu. "Háà. Ó dáa, ọmọ mi."

Wọ́n dìde. Wọ́n gbẹ́rù. Wọ́n wọ́sẹ̀ lọ sínú oòrùn. Wọ́, wọ́, wọ́.

Rodiat fọwọ́ pa ògiri lára. "Pẹ̀lẹ́ o, ilé. Sinmi."

Iwájú ilé pa kẹ́kẹ́.

Dádì jáde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ ò rí i, Màámi? Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ń yà síbí mọ́. Ẹ jẹ́ ká kúkú wó o."

Yéè! Rodiat bú sẹ́kún. "Èmi ni mo lé wọn! Mo ní kí ilé sinmi ni!"

Ìyá Àgbà jáde wá, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fà á mọ́ra.

"Rọra, ọmọ mi. Ilé kì í sinmi bẹ́ẹ̀. Ọláògún, bàbá ọkọ mi, ló kọ́ ilé yìí. Alábàárù ni lébùúté. Oòrùn á pa á, ẹrù á wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò sì níbi tó máa jókòó sí. Nígbà tó máa kọ́lé, pèpéle ló kọ́kọ́ mọ, kó tó mọ yàrá tiẹ̀. Ó ní ilé tí kò bá gba ẹni tó ti rẹ̀, ògiri lásán ni."

"Màámi, ẹ ò sọ èyí fún mi rí," ni Dádì wí.

"Ìwọ náà ò bi mí rí."

Rodiat nujú. Ó sáré lọ sí èbúté. Pátá-pátá-pátá!

"Ẹ padà wá o! Ẹ wá jókòó! Ilé wa ti jí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ́sẹ̀ padà wá. Wọ́, wọ́, wọ́.

Gbì! "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Gbì! "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Pèpéle kún. Dádì nìkan ló ṣì dúró.

"Bísíríyù, kí lo dúró ṣe bí òpó iná?" ni Ìyá Ṣẹ̀rífátù bi Dádì. "Jókòó, jàre."

Dádì jókòó. Gbì! Ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ògiri náà tutù. Ó wo àwọn tó jókòó tì í.

"Màámi, a ò ní wó o mọ́," ló wí. "N ó wá káfíńtà tó máa tún òrùlé ṣe."

"Èmi á fi ọkọ̀ mi kó yanrìn wá," ni Bàbá Ọlọ́kọ̀ wí.

"Dádì, ṣé òótọ́ ni?" ni Rodiat béèrè.

Hòòò... fùùù. Hòòò... fùùù. Dádì ti sùn lọ!

Ìyá Ṣẹ̀rífátù sún apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀, kí Dádì lè na ẹsẹ̀. Bàbá Ọlọ́kọ̀ fẹ́ jí i.

"Ẹ jẹ́ kó sùn," ni Ìyá Àgbà wí. "Ilé bàbá rẹ̀ ló wà."