Ohùn Inú Fóònù Aránṣọ

Ohùn tó jáde nínú fóònù mi jọ tèmi, àmọ́ ó ti gbó jù. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo gbà á sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí mo jókòó ti maṣíìnì, kò sí ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ọ̀fìnkìn ni.

Aránṣọ ni mí. Bí mo bá ń ránṣọ lọ́wọ́, èrò kan á ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn, kí n tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, ó ti lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yára sọ ọ́ sínú fóònù: àpò kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ apá aṣọ, ọrùn aṣọ tí ìyá ọlọ́mọ lè ṣí fọ́mọ lọ́mú. Kò pẹ́ tí oníbàárà fi kún ẹnu ọ̀nà mi. Wọ́n ní orí mi pé. Ta ni wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún tó máa jiyàn?

Ìyá mi, tó kọ́ mi níṣẹ́, ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Àsìkò yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Lọ́jọ́ kan mo bá a tó di síìpù mú, tó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Kí ni wọ́n ń fi eléyìí ṣe?" ó bi mí jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi, màámi!"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu. Àárọ̀ yẹn gan-an ni mo gba èrò kan nípa síìpù sílẹ̀. Mo tún un gbọ́. Ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, títí kan ikọ́ tó máa ń wú kó tó lanu.

Mo pa ọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ yẹn rẹ́ nínú fóònù, kí n fi dán an wò. Kíá, màámi ké láti ẹ̀yìn:

"Ṣó o rántí aṣọ tí mò ń wọ̀ nígbà tí mò ń fún ẹ lọ́mú? Èmi ni mo rán ọrùn ẹ̀ o!"

Ó yẹ kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ níjọ́ náà. Mi ò ṣe é, ojú sì ń tì mí. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ti gbé aṣọ iṣẹ́ wọn fún mi rán, ó ní àrà tẹ́nìkan ò rí rí lòun fẹ́. Iná ń jó ìyá mi, èmi jókòó, mò ń yá a. Mo ní màá kàn gba ẹyọ kan péré sí i, mo sì sọ ọ́ sínú fóònù. Ọ̀rọ̀ àpò ni mo rò pé mo sọ. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ikọ́ ló ṣáájú.

"Aránṣọ iwájú yìí, ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí i."

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ìyá mi dúró síbẹ̀, ó rọra tẹ orúnkún fún mi.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, màdáámù. Ẹ má bínú, mò ń wá ọmọ mi. Aránṣọ lòun náà."

Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kò ku ẹyọ kan. Ó nàró díẹ̀díẹ̀, ó sì dá mi mọ̀. Pẹ̀lú ojú tó fi wò mí, bíi ẹni tó rí ẹni tó jà á lólè, ó ṣe mí bíi kó tún gbàgbé mi.