Iná Tí Suara Wẹ́dà Sá Fún

Ní Àgídìngbì, kò sí wẹ́dà tí iná kì í mú lójú. Bí ó bá mú ọ, wàá wá ìyá ọlọ́mọ kan lágboolé, yóò fún omi ọmú sí ọ lójú, wàá sùn, ilẹ̀ yóò mọ́, wàá padà sẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ Suara, ó sì gbà á bí ẹni gba ẹ̀sìn.

Lásìkò SAP, tí owó wọ́n lóde, tí olè kò jẹ́ kí ará òpópónà Allen sùn, tí gbogbo onílé ń wá irin dí fèrèsé, Suara bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun dúdú kan bí òwú aláǹtakùn tó ń fò kiri lójú ọ̀tún rẹ̀. Omi ọmú ló sáré lọ wá.

Fàúsát, ìyàwó rẹ̀, kò fara mọ́ ọn. "Bàbá Ṣàkírù, iná wẹ́dà máa ń ta ni, omi máa ń bọ́ lójú ẹni. Èyí ò dùn yín rárá. Àbí àtọ̀gbẹ tí wọ́n ní ẹ ní yẹn ni?"

"Ojú ni mo ń sọ, ìwọ ń sọ ìtọ̀!" Suara bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín òmùgọ̀ ni.

Nígbà tí ojú ọ̀tún wá ṣú pátápátá, Fàúsát wọ́ ọ lọ sílé ìwòsàn ojú. Dókítà Bọ́látitó kán oògùn sí i lójú, ó ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀, ó sì fi hàn án.

"Bàbá, ẹ wo àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ yìí. Ṣúgà ti bà wọ́n jẹ́, wọ́n ń jò. Èyí tó bẹ́ ló dí ojú ọ̀tún yín. Ti òsì náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Iná lésà la máa fi jó ibi tó ń jò. Fọ́tò yìí ló máa fi ibi tí a ó jó hàn wá, ká má baà kan ibi tí ẹ fi ń ríran gan-an."

Suara dìde fùú. "Iná kẹ̀? Dókítà, láti kékeré ni mo ti ń fi dígí dúdú sá fún iná. Ẹ wá ní kí n lajú sílẹ̀ kí ẹ finá sí i? Ẹ lọ fi ojú ẹlòmíì kọ́ṣẹ́!"

Fàúsát bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Omi ọmú náà ló padà sí. Ìyá ọlọ́mọ tó ń fún un já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú, ojú Suara kò tíì là.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ láti mú òòlù, irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ló dì mú. Kò rí i. Bí awọ ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń bó ni ẹ̀rù bà á, ó ní kí Fàúsát mú òun padà sọ́dọ̀ Dókítà.

Dókítà ya fọ́tò míì, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀. "Ojú ọ̀tún ti lọ, Bàbá. Lésà kì í jí òkú. Ti òsì náà ti bàjẹ́ ju bí a ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba tó kù la máa gbìyànjú láti dá dúró."

Suara gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ lésà. Iná aláwọ̀ ewé ń kọ mọ̀nà, ó ń ta á díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí èèrà bá géni jẹ. Kò pẹ́ tí Dókítà fi ní tòní ti parí.

"Ó parí?" Suara bú sẹ́kún. "Ṣé iná tí mo sá fún nìyí?"

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Lónìí, Suara ń rí òjìji ènìyàn, kò rí ojú irin mọ́. Bí Fàúsát bá ń fà á lọ́wọ́ kọjá níwájú ilé tó ti ṣiṣẹ́, a fọwọ́ pa géètì ibẹ̀, a ní, "Èmi ni mo jó èyí." Ó ń dun ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ jẹ́ kí dókítà ojú máa wo ẹ̀yìn ẹyinjú yín lọ́dọọdún, bí ẹ tilẹ̀ ń ríran kedere. Ẹ máa lo oògùn ṣúgà yín déédéé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gba lésà, ẹ tètè gbà á. Kì í dá ojú tó ti fọ́ padà, èyí tó kù ló ń ṣọ́. Ẹ má fi omi ọmú tàbí àgbo sójú. Pàtàkì jù, ẹ má dúró de ìrora. Ojú Suara kò dùn ún rí, títí tó fi fọ́.